Ọmọ Tí Ẹ Ní Kó Má Ka Ìṣirò

   

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ yìí lórí ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì: ìmọ̀ ìṣirò, bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́, àti ìmọ̀ ẹ̀rọ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí kà wọ́n sí nǹkan mẹ́ta. Èmi mọ oko kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, oko ọ̀hún kò sì jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Rothamsted ló ń jẹ́, ní Harpenden, reluwé kan ṣoṣo láti London.

Láti 1843 ni wọ́n ti ń gbin àlìkámà sórí ilẹ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Broadbalk. Wọ́n da ìgbẹ́ ẹran sí apá kan, wọ́n da ajílẹ̀ òyìnbó sí òmíràn, wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ láìda nǹkan kan sí i, wọ́n sì ń kọ ìkórè sílẹ̀ lọ́dọọdún. Àkọsílẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ajílẹ̀ àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òjò? Ní 1919, wọ́n gba Ronald Fisher síṣẹ́, ẹni tó ka ìṣirò ní Cambridge. Inú àwọn ìwé oko yẹn ló ti fa ọ̀nà tí a fi ń dán irúgbìn àti oògùn wò títí dòní yọ. Ní 1936, ó mú òdòdó 150 tí Edgar Anderson ti wọ̀n, ẹ̀yà mẹ́ta, ó sì fi ìṣirò yà wọ́n sọ́tọ̀. Òdòdó yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín nǹkan. N kò ní kí ẹ fi Fisher sọ ọmọ o. Ohun tó gbà gbọ́ nípa ìran ènìyàn kò dára rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń sọ.

Ẹlòmíràn ni Augustin-Louis Cauchy, ará Faransé. Ní 1847, ọ̀nà tí àwọn ohun ojú ọ̀run ń tọ̀ ló fẹ́ ṣírò. Ọgbọ́n tó dá ni pé kéèyàn dúró síbi tó wà, kó wo apá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ jù, kó gbé ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, kó tún wò, kó tún gbé ẹsẹ̀, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn, pẹ̀lú àtúnṣe, ni ẹ̀rọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lónìí: yóò ṣì í, yóò wọn ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀, yóò sún síbi tí àṣìṣe ti dín kù. Ká ní wọ́n bi Cauchy pé kí ló fẹ́ fi jẹun, ìràwọ̀ nìkan ni ì bá nawọ́ sí.

Ẹ wá wo Uganda. Àwọn àgbẹ̀ ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ nínú oko wọn. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn wò ó, wọ́n sọ àrùn tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Yunifásítì Makerere sì bá wọn kó o jọ. Fọ́tò 21,367 ni, tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ láti mọ àrùn ẹ̀gẹ́. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà tí a tò ní ìlà ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi dá oko ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá Ifọ́n. Ewé a ká kò, a máa ní àwọ̀ yẹ́lò káàkiri ara. Ìyá mi a ní ilẹ̀ ti ṣá. Àrùn ni, kì í ṣe ilẹ̀: eṣinṣin funfun kékeré ló ń gbé e kiri. Ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi ń gé lára igi aláàrùn láti fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀ náà ń gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Lónìí, fóònù lè sọ ọ́: IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe áàpù fóònù kan tó ń jẹ́ Nuru, tó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ láìní íntánẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà ló sì ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ẹ̀rọ tó fi ewé Uganda kẹ́kọ̀ọ́ dé oko Ọ̀yọ́, irú ẹ̀gẹ́ lè yàtọ̀, oòrùn lè yàtọ̀, ẹ̀rọ sì lè máa fi ìgboyà parọ́. Ta ni yóò sọ ìdí tó fi ṣìnà? Ẹni tó mọ ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ ni. Níbí gan-an ni inú ti ń bí mi.

Ẹgbẹ́ wa yìí ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, mo sì yìn yín. Àmọ́ mo ti ka fọ́ọ̀mù rẹ̀: dókítà, lọ́yà, apòògùn, ẹnjiníà. Láìpẹ́ yìí ni ẹ fi kọ̀ǹpútà kún un, nítorí ẹ gbọ́ pé owó wà níbẹ̀. Ìṣirò kò sí. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó fọ̀rọ̀ wá ọmọ kan lẹ́nu wò nígbà kan. Ojú ọmọ náà ń tàn bó ṣe ń sọ nípa nọ́ńbà tí kò ṣeé pín. Àgbà kan bi í pé, "Ṣé nọ́ńbà yẹn lo máa jẹ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olóyè, ẹ má wolẹ̀, n kò dárúkọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún lówó. Ẹ má retí kí n sọ pé ọmọ náà ti wá di olówó rẹpẹtẹ. Ó ń kọ́ni ní ilé ìwé girama, ara rẹ̀ le, ìṣirò sì pàdánù rẹ̀.

Mo gbọ́ tí tábìlì àwọn apòògùn ń kùn. Ẹ máa kùn. Àwọn kan ń sọ pé nítorí pé mo fìdí rẹmi nínú ìdìbò ààrẹ ẹgbẹ́ wa ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo fìdí rẹmi lóòótọ́. Fọ́ọ̀mù náà ti burú kí n tó díje.

Ẹ wo Adégòkè Olúbùmmọ, ọmọ Orin-Èkìtì: ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní 1955, ó padà sí Ìbàdàn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bó bá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ yín lónìí, ẹ ó ní kó lọ ka òfin. Ẹ ń fi ọmọ yín yangàn pé ó mọ ẹ̀rọ lò. Ta ni kò mọ̀ ọ́n lò? Ẹ ń bẹ̀rù ebi fún ọmọ tó ń gbé London, ọmọ tí ebi kò pa rí! Aṣọ ẹbí tí a wọ̀ jókòó síbí, èmi náà rà á, owó rẹ̀ tó láti ran ọmọ mélòó lọ́wọ́? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ lọ ṣírò rẹ̀ nílé, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ lọ́la. Mo ti kọ àbá kan: kí a pa àtòkọ inú fọ́ọ̀mù yẹn rẹ́, kí a kọ "ẹ̀kọ́ yòówù tí ọmọ bá yàn" dípò rẹ̀. Àbá náà nílò ìbuwọ́lù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kò sì tíì pé. Mo wà ní tábìlì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ mú bírò yín dání.