ÒṢÙWỌ̀N ARA WA
Ọ̀rọ̀ lórí áàpù fóònù tí yóò máa bá wa ṣírò oúnjẹ àti ìwúwo ara

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Èmi kì í ṣe dókítà, ọjà ni mò ń tà ní Sábọ̀ngàrì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo mú wá, òṣùwọ̀n sì ni iṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a mọ iye tíyà ìrẹsì tí ó wà nínú àpò kan. A mọ èrè tí ó wà lórí páálí ọṣẹ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè bí ara rẹ̀ ti wúwo tó, kò ní mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbé wa dé ọjà. A ó jókòó ti igbá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A ó délé, a ó jẹ iyán, a ó sùn. Bí ikùn bá wá yọ, a ó ní owó ti dé.

Ìsanra àsanjù máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wá bá ènìyàn. Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí a ti dáwó láti gbé òkú ẹni wa láti ìlú yìí lọ sí ìlú rẹ̀. N kò sọ pé ìsanra ni ó fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n owó òṣùwọ̀n kan kò tó owó ọkọ̀ òkú kan.

Ìṣirò méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ Adolphe Quetelet, ará Bẹ́líjíọ́mù, ní ọdún 1832. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé kí á fi gíga ènìyàn ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí á sì fi èyí pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò. Ní 1972 ni Ancel Keys ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, BMI.

Ká sọ pé ìyá ọlọ́jà kan jẹ́ ẹni 50 ọdún, ó ga ní mítà 1.60, ó sì wúwo tó kílò 80. 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56. Bí a bá fi 2.56 pín 80, ó jẹ́ 31.25. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti 18.5 dé 24.9 ni ó dára. Láti 25, ara ti ń wúwo jù. Láti 30 lọ sókè, ó ti di ewu.

Ìṣirò kejì ni ti kálórì, èyíinì ni agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Bí pẹtiróòlù ti rí fún ọkọ̀ ni ó rí fún ara, ṣùgbọ́n èyí tí ara kò lò, yóò fi pamọ́ bí ọ̀rá. Gíráàmù epo kan ní kálórì 9, gíráàmù ṣúgà kan ní 4. Iṣu sísè gíráàmù 100 jẹ́ nǹkan bí 116, síbí ńlá epo kan ṣoṣo sì jẹ́ nǹkan bí 120. Ẹ wo bí epo ti pọ̀ tó lójú ọbẹ̀ wa!

Ní 1990, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde láti fi mọ kálórì tí ara ń lò bí ènìyàn kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìwúwo lọ́nà 10, gíga ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 6.25, ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹ yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5 kúrò. Ọkùnrin yóò fi 5 kún un, obìnrin yóò yọ 161. Ti ìyá wa yìí jẹ́ 800 àti 1,000. A yọ 250, a yọ 161, ó ku 1,389. Nítorí pé ìjókòó ni ó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2: nǹkan bí 1,670 lójúmọ́.

Ìṣirò yìí kò ju ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, nígbà tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀? Ibẹ̀ ni fóònù ti wúlò. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti òṣùwọ̀n òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó ń fi kọ́ńgò ra gààrí ní Ìbàdàn kò lè fi iye rẹ̀ ṣírò tíyà Kánò. Bí òṣùwọ̀n kì í bá ṣe ti ọjà tí a wà, èsì rẹ̀ yóò ṣì wá lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ nìyí. Èkínní, ẹ jẹ́ kí áàpù náà máa sọ Yorùbá létí wa, nítorí àwọn ìyá tí kò kàwé. Èkejì, ẹ gbé òṣùwọ̀n lọ sí ìdí ààrò àwọn olóúnjẹ. Ẹ wọn òkèlè àmàlà, ẹ wọn síbí ọbẹ̀, ẹ wọn túwó, másà, súyà àti fùrá tí a ń jẹ níhìn-ín. Ẹ̀kẹta, kí ó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹrin, kí ó sọ òtítọ́ nípa ibi tí agbára rẹ̀ mọ. BMI kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan. Alábàárù tí ó le bí igi lè wúwo láìní ìkùn. Kì í ṣe fún aboyún, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi òṣùwọ̀n àgbà wọn ọmọdé. Ẹni tí ó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù láìbi dókítà rẹ̀, kò sì yẹ kí áàpù kankan fi ebi pa ènìyàn.

Kí ẹ sì fi àyẹ̀wò okùn kún un. Fi okùn wọn gíga rẹ, ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí o fi yí ikùn ká. Bí kò bá ká a, ikùn ti tóbi jù. Ní 2022, NICE, àjọ tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní Ìlú Ọba, gba àwọn àgbàlagbà níyànjú pé kí ikùn wọn má tó ìdajì gíga wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ni pé kí á yọ díẹ̀ nínú owó tí a bá kó jọ lónìí, kí á fi ra òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru sí gbọ̀ngàn wa, kí á sì ran àwọn ọmọ tí yóò ṣe áàpù náà lọ́wọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ tí òṣùwọ̀n náà bá dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ gùn ún ní gbangba.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹsẹ̀ ara wa ni a ó fi relé, a kò ní gbé ẹnikẹ́ni wa.