Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Etí Máa Hó

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibà tàbí omi mímu ni a ó mú. Ọ̀rọ̀ etí ni a mú wá. Ó ju ẹnì kan lọ nínú àwọn àgbà wa tí ó ti fà wá sí kọ̀rọ̀ láti sọ pé òun ń gbọ́ ariwo tí ẹlòmíràn kò gbọ́: ó ń hó bí omi gbígbóná, ó ń ké bí ìrẹ̀ lóru. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kí a má ba à pè wọ́n ní wèrè. Beethoven, àgbà olórin ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 1801 pé etí òun ń hó tọ̀sán-tòru. Kò sì ya wèrè.

Àwọn kan a ní ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ayé ni ó ń pe ẹni, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ìyàwó bàbá tàbí aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ti di ìjà ilé, nígbà tí a kò tíì wo inú etí rárá.

Èérí etí tí ó gbá jọ tí ó sì le lè mú kí etí hó. Nọ́ọ̀sì yóò yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná àti òwú orí igi kàn ń tì í wọ inú ni. Kẹrosíìnì àti omi bátìrì tí àwọn kan ń kán sí etí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀fìnkìn, etí tí ń ṣọyún, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ ogbó pẹ̀lú lè fà á.

Ariwo ni ó wọ́pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìlù etí, ohun kan wà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Nínú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín onírun wà, bí 15,000, tí ń gbé ìró fún iṣan tí ó lọ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í tún hù. Ọpọlọ tí kò rí ìró gbà mọ́ a wá dà bí ẹni tí rédíò rẹ̀ kò mú ibùdó kankan, tí ó yí i sókè títí ó fi ń gbọ́ híhó rédíò fúnra rẹ̀. Ariwo 85 decibel fún wákàtí 8 lójúmọ́ tó láti ba etí jẹ́ bí ó bá pẹ́. Bí a bá fi 3 péré lé e, wákàtí 4 ni a lè gbà á mọ. Ẹ ro ti ọmọkùnrin tí ó dúró ti ẹ̀rọ ìlọta láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ ro ti àwọn ọdẹ wa: ẹni tí ń fi ejìká ọ̀tún gbé ìbọn, etí òsì rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé òun ni ó kọjú sí ẹnu ìbọn. Kí àwọn àlùfáà wa má bínú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a gbé ti etí àwọn ọmọdé akọrin kò yàtọ̀.

Ó ku oògùn. Kuiníìnì, tí Pelletier àti Caventou, ará Faransé, yọ láti inú èèpo igi cinchona ní 1820, ń lé ibà, ó sì ń mú etí hó. Bí a bá dá a dúró, híhó náà sábà máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni aspirin tí a lò lálòjù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ streptomycin àti gentamicin yàtọ̀: ohun tí wọ́n bá bà jẹ́ nínú etí kì í sábà padà.

A ní ọmọ kan ní kíláàsì wa nígbà kan, tí ẹnì kan tí ń kiri oògùn gún ní abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó padà dé, ó ní agogo ń dún nínú orí òun. A rò pé ó ń ṣeré. A nà án nítorí pé kò dáhùn ìpè. Kí ọdún náà tó parí, a ti gbé e wá sí ìjókòó iwájú kí ó lè máa wo ẹnu wa. A kò mọ ohun tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà di òní. Ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀.

Bí etí kan ṣoṣo bá ń hó, bí ó bá ń lù kìkì bí ọkàn, bí òòyì bá bá a rìn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ́ tàbí ní Ìlọrin. Bí etí bá dí lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, nítorí pé ìtọ́jú rẹ̀ kì í dúró de oṣù kan. Ẹni tí ó ti pẹ́ lára rẹ̀ lè yí rédíò sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lóru, kí híhó náà má ba à dá wà nínú ìdákẹ́jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́, ẹ bi í ní orúkọ oògùn náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ pe ọmọ ilé-ìwé kan kí ó bá yín kọ ọ́.