Ẹ Má Bá Odò Jìjàkadì

Ọ̀rọ̀ odò ni mo gbé wá, odò tó ń ṣàn kíkankíkan, àti àwọn tó ń gbé àgbá atẹ́gùn kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń mòòkùn sínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé inú òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán irinṣẹ́ yìí wò. Rárá o. Odò Marne, nítòsí Paris ní ilẹ̀ Faransé, ni amòòkùn kan, Jacques Cousteau, gbé e lọ ní 1943, lẹ́yìn tí òun àti Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ, jọ ṣe é. Nígbà tó nà gbọọrọ nínú omi, ó ń mí geere. Nígbà tó nàró, atẹ́gùn ń tú dànù. Nígbà tó wá dorí kodò, agbára káká ló fi ń rí èémí fà. Wọ́n gbé e padà, wọ́n mú ihò tí èémí ń gbà jáde wá sí ọ̀gangan ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Bí irinṣẹ́ náà ṣe di ohun tí èèyàn lè máa fi mí lábẹ́ omi nìyẹn. Ṣùgbọ́n èémí nìkan ni ẹ̀rọ náà ń fúnni. Kò fi agbára kún agbára ẹnikẹ́ni.

Ibi agbára yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi wúwo. Ẹ ro àpótí kan tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní jíjìn. Bí ẹ bá pọn omi kún un, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni, ìyẹn kìlógíráàmù 1,000. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn ayé lásán ló wà nínú rẹ̀, kò tó kìlógíráàmù méjì. Ìdí nìyẹn tí omi tí kò ju orúnkún lọ fi lè gbé géńdé ṣubú bó bá ń sáré. Bí eré omi bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń tini kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí eré náà bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Amòòkùn tó mọṣẹ́ dunjú, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tipátipá ni yóò fi lúwẹ̀ẹ́ kojú omi tó ń sáré kìlómítà méjì ní wákàtí kan, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà láìkánjú yára jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Báwo wá ni àwọn kan ṣe ń mòòkùn nínú odò tó ń sáré? Ẹ jẹ́ ká dé Odò Cooper ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Odò yìí ń ṣàn lọ sí èbúté Charleston. Omi rẹ̀ dúdú nítorí ewé àti igi tó ń jẹrà nínú irà, tó fi jẹ́ pé bí amòòkùn bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, láìsí tọ́ọ̀ṣì kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Eyín ni. Eyín megalodon, ẹja àkùrákùdà ńlá ayé àtijọ́ tó ti parun láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Òmíràn nínú eyín náà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ò sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣà á bó ṣe wù wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ ṣà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Àwọn tó ń ṣa eyín náà kì í lúwẹ̀ẹ́ ta ko omi. Sukudiráfà gbọọrọ ni wọ́n ń mú dání. Wọ́n á rọra wà mọ́ ilẹ̀ odò, níbi tí yanrìn àti òkúta ti ń dín eré omi kù, wọ́n á gún irin náà wọlẹ̀, wọ́n á dì í mú gírígírí, wọ́n á wá fi ọwọ́ kejì tú òkúta wò. Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á tún gún un síwájú. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jẹ́ kí omi gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wọlé kọ́ ni wọ́n ti ń jáde. Ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé wọn lókè, pẹ̀lú àsíá pupa tí ìlà funfun dá ní ìdábùú, kí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn lè mọ̀ pé ènìyàn wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti mọ ìgbà tí omi òkun yóò fà àti ìgbà tí yóò kún, nítorí ó ń darí odò náà.

Ẹni tó bá ń bá omi jà, èémí ló ń ná. Ní ìsàlẹ̀ mítà 10, èémí kan ń jẹ ìlọ́po méjì atẹ́gùn tí ì bá jẹ lókè, bó bá wá ń mí hẹlẹhẹlẹ, àgbá á gbẹ kó tó fura. Nígbà náà ni ẹ̀rù yóò mú un, tí yóò fẹ́ sáré gòkè. Ewu ńlá ni! Bí èèyàn ṣe ń gòkè ni atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ̀ sí i, bó bá wá di èémí mú, ẹ̀dọ̀fóró lè fàya. Ẹni tó ń mí láti inú àgbá gbọ́dọ̀ máa mí lọ ni, kó rọra máa gòkè, kó má ju bíi mítà mẹ́sàn-án lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Àwọn ọmọ wa tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó kò ní àgbá kankan. Wọ́n á gbé korobá, wọ́n á gba ara àkàbà tàbí òpó igi sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, wọ́n á sì gbé yanrìn gòkè. Iṣẹ́ agbára ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Igi tí wọ́n ń dì mú yẹn àti sukudiráfà ará Cooper, ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ẹnì kan máa dá nìkan mòòkùn láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní mòòkùn láéláé ńkọ́? Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, nítorí ìgbójú. Bí omi bá gbé yín, ẹ má ṣe gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tó ń sáré, ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, kí omi sì tẹ orí yín mọ́lẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lé omi, kí ẹsẹ̀ yín máa ṣíwájú, kí ẹ fi ta òkúta dànù. Ẹ wá máa yí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má kọjú sókè odò. Ibi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ inú ni omi ti máa ń rọ̀. Ẹ sá fún igi tó wó sódò: omi á gba àárín ẹ̀ka kọjá, ènìyàn ò ní lè kọjá.

Ẹ má sì wo ojú ọ̀run nìkan. Nígbà òjò, wọ́n máa ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, omi ọ̀hún á sì gba Odò Ògùn wá sí apá Ìṣẹ́rí. Òjò lè má kán lójú yín rárá kí odò tó ga.

Bí ẹ bá rí ẹni tí omi ń gbé lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀ lé e. Ẹ ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé lẹ́nu pinpin, ẹ na igi gígùn sí i láti orí ilẹ̀. Ẹ pariwo kí èrò pé jọ, kí ẹnì kan sì pe 112. Ní Èkó, ẹ tún lè pe 767.