Ẹ Má Sanwó Tán Kí Òjò Tó Rọ̀ Sílé
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Gbaji)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ wa, torí owó wa ni.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹja gbígbẹ ra ilé tuntun oníyàrá méjì. Ó ní ká má dárúkọ òun, a ò sì ní dárúkọ. Owó àjọ ọdún mẹ́sàn-án ló kó lé e. Oṣù kìíní ló gba kọ́kọ́rọ́, ilé ń dán, ọ̀dà ṣì ń rùn lára rẹ̀, gbogbo wa la lọ bá a jó. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, omi ń kán látòkè, àjà yàrá kan já lulẹ̀, sọ́kàwé kún, ó ń tú sí àgbàlá. A tẹ̀ lé e lọ bá ẹni tó ta ilé. Ohun tó sọ fún wa ni pé, "Màmá, ẹ ṣáà ti gba kọ́kọ́rọ́." A wo ìwé tó fún un: rìsíìtì lásán, kò sí ọ̀rọ̀ àtúnṣe kankan níbẹ̀. Àpò ara rẹ̀ ló fi tún un ṣe.

Àwa tí à ń ta ẹja, bí ìdin bá wà nínú ẹja, oníbàárà á gbé e padà, á sì pariwo lé wa lórí. Ẹni tó ta ilé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù wá ní kò sí ìdápadà. Ó dùn wá gan-an ni.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé tuntun ló ní wárántì ọdún 10. Ọdún 2 àkọ́kọ́, ẹni tó kọ́ ọ ló ń tún un ṣe. Ọdún 8 tó kù, ìṣúránsì ló ń dá sí àléébù ńlá, bíi kí ìpìlẹ̀ là. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí ẹ bá kọ sínú àgírímẹ́ǹtì ni wárántì yín. Lọ́yà tiyín ni kó kọ ọ́ o, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà.

Ẹ wo bí àwọn tó ń gbé kọ́ńtíráàtì ńlá síta ṣe ń ṣe. Wọn kì í san owó tán. Wọ́n á mú díẹ̀ dání, lọ́pọ̀ ìgbà náírà 5 nínú 100, fún oṣù 6 tàbí ọdún kan, títí ohun tó bàjẹ́ á fi di títúnṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí onílé ò bá gbà, kó kọ ọ́ pé òun á máa ṣàtúnṣe fún odindi ọdún kan, kí òjò oṣù kẹrin sí ìkeje àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá lè bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò gba èyí tí kò gba tọ̀hún, ẹ jẹ́ kó máa gbé ilé rẹ̀ lọ.

Etí òkun là ń gbé, ẹ béèrè iyanrìn. Iyọ̀ inú iyanrìn òkun a máa jẹ́ kí irin dípẹtà nínú kọnkéré, irin á wú, kọnkéré á sán. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán tí àwọ̀ ìpẹtà ń jáde lára rẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti ìwé-ẹ̀rí LASBCA pé ilé yẹ fún gbígbé. Ilé alájà 21 tó wó ní Ikoyi ní November 1, 2021 pa èèyàn tó lé ní 40, wọn ò sì tíì kọ́ ọ parí rárá.

Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ fi fóònù yà á, ẹ kọ lẹ́tà méjì, kí onílé buwọ́ lu èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má tún un ṣe kó tó rí i. Bó bá kọ̀, ẹ kó gbogbo ìwé náà lọ sí LASRERA, àwọn ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ilé títà.

Ẹni tó bá ti fẹ́ san owó ilé, kó wá sọ fún wa lọ́jọ́ ìpàdé kó tó san án. Méjì nínú wa á bá a lọ wò ó, pẹ̀lú bíríkìlà kan tí kì í ṣe ẹni onílé.