Nígbà Tí Ẹni Tó Ṣe Ẹ̀rọ Bá Yọwọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àgùdà

  

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ pé bí ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀sì kò bá ṣe irú rẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀sì náà kò tíì kú. A ó lọ sí Ládípọ̀, a ó rí ẹ̀yà ara rẹ̀ tó jẹ́ tòkunbọ̀, mẹkáníìkì yóò sì dọ́gbọ́n sí i. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ikẹjà lè tún irin rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ètò tó ń darí irin náà, èyí tí à ń pè ní Windows, ọwọ́ Microsoft tó ṣe é ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft yọwọ́ kúrò nínú títún Windows 10 ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe sí Windows XP ní 2014, àti sí Windows 7 ní 2020 náà nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà náà yóò ṣì máa tàn, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò fi kọbi ara sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ètò tí kò ní ihò. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá rí ihò, Microsoft a máa dí i láì gba kọ́bọ̀. Nísinsìnyí, ihò tí olè bá rí yóò wà ní ṣíṣí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò Windows wọlé ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ó ti ìwé inú kọ̀ǹpútà pa, ó ní kí olówó wá san owó kí òun tó ṣí i. Ní England, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn dá aláìsàn padà sílé. Renault, tó ń ṣe mọ́tò, dá iṣẹ́ dúró ní àwọn fákìtọ̀rì kan. Ní Jámánì, ìwé àwọn olè ló hàn lójú pátákó ibùdókọ̀ ojú irin. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹta ni Microsoft ti gbé ohun tí a ó fi dí ihò náà jáde! Àwọn tí kò lò ó ni àrùn náà mú. Ní ti XP tí wọ́n ti pa tì, àrùn ti ń jà kí wọ́n tó gbé tirẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ óò ní kí ló kàn wá? Bí ẹ̀rọ fákìtọ̀rì bá dúró, ta ni wọn yóò ní kó lọ sílé láìgbowó? Bí nọ́ńbà báńkì tí wọ́n fi ń sanwó wa bá bọ́ sọ́wọ́ olè, owó ta ni? Òṣìṣẹ́ tó jókòó ti ẹ̀rọ ni wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ọ̀gá yóò ní owó ni kò sí. Lóòótọ́, Microsoft ní ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ àtúnṣe sí i yóò san dọ́là 61 lórí kọ̀ǹpútà kan lọ́dún kìíní, ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́dún kejì, títí ọdún kẹta. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ ènìyàn mọ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ̀ka wa béèrè. Èkíní, kí máníjà kọ gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àti irú Windows tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì, èyí tí kò bá ṣeé pààrọ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì ní ẹ̀dà ìwé inú rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀kẹta, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé òṣìṣẹ́ kankan kò ní pàdánù owó iṣẹ́ nítorí ewu tí a ti kìlọ̀ fún ọ̀gá.

Fóònù wa náà ńkọ́? Èyí tí kò bá rí àtúnṣe gbà mọ́, ẹ má fi ṣe báńkì.

A kì í dúró kí ilé jó tán kí a tó wá omi.  Ìṣọ̀kan wa kò ní tú o.