Òfin Adójútòfò Ìlera àti Àwọn Ọmọ Òrukàn Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn alágbàtọ́ sọ ní Ayépé

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òfin. Ẹ má bẹ̀rù, n kì í ṣe lọ́yà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ kan. Bàbá rẹ̀ kú, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbà á sọ́dọ̀. Ibà mú ọmọ náà títí ó fi di pé wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọkùnrin yìí mú káàdì adójútòfò rẹ̀ jáde. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní ọmọ yìí kò sí níbẹ̀. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, gbèsè ló sì pọ̀ jù nínú owó náà. Kì í ṣe pé ẹni tó jókòó sídìí tábìlì burú. Bí wọ́n ṣe ṣe ètò náà nígbà yẹn nìyẹn: òṣìṣẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ kan, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18, tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ọmọ tí a gbà tọ́ kò sí nínú ìyẹn. Ẹ̀sìn wa sì ní kí a gba ọmọ òrukàn tọ́, ṣùgbọ́n kí a má yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà, nítorí náà a kò lè purọ́ pé àwa la bí i kí ìwé lè gbà á.

Òfin tó bí ètò náà ni ti ọdún 1999, èyí tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ṣe kí wọ́n tó gbé ìjọba sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ti wà láti 1962, láyé Dókítà Moses Majekodunmi tó jẹ́ mínísítà ìlera. Ọdún 2005 ni Ààrẹ Obasanjo tó wá ṣí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ba òfin 1999 jẹ́: "lè". Agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá "lè" dá owó náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹni rí, ẹ mọ ohun tí ọ̀gá máa ń ṣe sí ohun tó "lè" ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí NDHS ní 2018, obìnrin 97 nínú 100, láti ọmọ ọdún 15 dé 49, ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Alátà, télọ̀, àgbẹ̀, ìyàwó ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló wà nínú 97 yẹn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó pa ti 1999 rẹ́. Sẹ́nétọ̀ Ibrahim Oloriegbe láti Kwara ló gbé e wá sílé aṣòfin. "Lè" di "gbọ́dọ̀": gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera. Òfin náà sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára, apá yìí ló kàn wá jù. Àwọn tó kà síbẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, àti aláìní, bí wọ́n bá ṣe túmọ̀ aláìní sí. Ẹ bá mi wá ọmọ òrukàn níbẹ̀. Mo ti wá a ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò ní bàbá, àfi kó gba ẹnu ọ̀nà "aláìní" wọlé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí nínú ìwé kò lè gba ibẹ̀. Ní Gánà, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ òfin 2003 tiwọn ní 2012, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó ìdá, ì báà ní òbí, ì báà má ní. Ó dùn mí pé àwa kò kọ tiwa bẹ́ẹ̀.

Owó díẹ̀ wà nílẹ̀ o. Òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan nínú owó àpò ìjọba àpapọ̀, kí ìdajì rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ adójútòfò lọ. Ọdún 2018 ni ó tó kọ́kọ́ wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, bílíọ̀nù 55 náírà. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣètò pé kí aláìní máa lò. Ṣùgbọ́n aláìní pọ̀ ju owó lọ, ẹni tí wọ́n bá rí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ yìí ni pé kí a kó orúkọ àwọn ọmọ wa jọ, kí a gbé e lọ bá wọn. Èyí tí wọn kò bá mú nínú wọn, kí a san owó ọdún kan fún un ní iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. Ṣé adójútòfò tọ́? N kì í ṣe ààfáà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkì àgbáyé tó wà ní Jeddah dá a lẹ́jọ́ ní 1985: wọ́n kọ èyí tí oníṣòwò ń fi jèrè, wọ́n gba èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣé a lè fi sàká san án? Sàká ní ènìyàn mẹ́jọ nínú Súrátù Tawba, ọmọ òrukàn kò sì dá dúró láàárín wọn. Àìní rẹ̀ ló ń mú un wọlé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ fún kì í ṣe tiwa. Àwọn kan ní dandan ni kí sàká kọ́kọ́ di ti ẹni tí a fún. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a fà á lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ ní orúkọ ọmọ, kí òun fúnra rẹ̀ lọ san án, kí ó mú rìsíìtì wá. Bí àwọn ààfáà wa bá sì ní kò yẹ, kí a yọ ọ́ nínú sàdáká. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá wa lóhùn kí oṣù yìí tó parí, nítorí òjò ti ń dé, ibà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọmọ òrukàn lọ́dọ̀, kí ó mú nọ́ńbà NIN ọmọ náà, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti fọ́tò kékeré wá fún akọ̀wé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èyí tí kò bá ní NIN, ẹ mú òun náà wá. Èmi fúnra mi á kó wọn lọ sí Odògbólú.