Ẹ Ka Ìwé Yín Kí Ẹ Tó Pe Káfíńtà

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òmù-Àrán)

Alága ni ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ ìwé tí mo kọ́ mọ́ ara ògiri pálọ̀ mi. Àwọn tí wọ́n wá síbi ìsọmọlórúkọ nílé mi ni wọ́n rí i, tí wọ́n sì ń béèrè bí mo ṣe ṣe é. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣojú òṣìṣẹ́ ti di lọ́yà. N kì í ṣe lọ́yà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo parí. Ìyókù, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti rí i kọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n mo ní ìwé, mo sì mọ ohun tí ó mú mi kọ́ ilé fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ ná. Ọdún 33 ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì kan pè wọ́n fún àyẹ̀wò ìwé, pé kí wọ́n mú lẹ́tà tí a fi gbà wọ́n síṣẹ́ wá, àti lẹ́tà ìgbéga wọn gbogbo. Bàbá kò mikàn. Wọ́n ní àpótí igi kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ó ti wà níbẹ̀ kí n tó gbọ́njú, tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tí a fà á jáde, ìdérí rẹ̀ ń dán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò bá wa jáde, ilẹ̀ ni ó kù sí. Ikán ti gba abẹ́ wọlé, wọ́n ti sọ ìwé ọdún 33 di yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Nínú lẹ́tà ọdún 1976, orí rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù, níbi tí wọ́n ti kí Bàbá ní "Sà". Orúkọ kò sí níbẹ̀, ọjọ́ kò sí níbẹ̀.

Ó tó ọdún méjì kí ọ́fíìsì yẹn tó wá ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ tiwọn rí. Ní gbogbo àkókò yẹn, owó ẹ̀wà tí ìyá mi ń tà ni a fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Bàbá. Owó náà jáde nígbẹ̀yìn. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi gbà á kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín, mélòó nínú wa ni ó lè fọwọ́ kan lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ lálẹ́ òní, láìtú ilé? Mo ń béèrè nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Bí wọ́n bá pe ẹnìkan sí iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, tí ó sì sáré tọ̀ mí wá, ìwé ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Bí kò bá sí ìwé, ẹnu lásán ni èmi àti òun máa gbé lọ.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀sìẹ́ tí ẹ wà láàárín wa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ère òkúta tí ó wà nílùú yín lé ní 800. Inú igbó ni wọ́n wà, tí òjò ń rọ̀ lé wọn lórí, ó sì pọ̀ nínú wọn tí orí ti já kúrò lọ́rùn tàbí tí apá ti kán. Ní 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé CMS, rí wọn tí ó sì jẹ́ kí ìjọba gbọ́. Nígbà tí ó di 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Òkúta nìyẹn o! Bébà ńkọ́?

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí orí iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ka ìwé yín. N kò sọ pé kí ẹ kà á bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kàwé, bí ìyẹn náà tilẹ̀ dára. Iye rẹ̀ ni mo ní kí ẹ kà. Ẹ tẹ́ ẹní sáàárín pálọ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde: Bíbélì tàbí Kùránì, ìwé àwọn ọmọ, Aláwìíyé tí ẹ fi kọ́ bí a ṣe ń kàwé, Fágúnwà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìwé àdéhùn ẹgbẹ́, fáìlì, ìwé-ẹ̀rí, rìsíìtì ilẹ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta bí wọ́n ṣe ga sí, kí ẹ tò wọ́n ní ìdúró lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì fi tépù wọn gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe é, ìwé kéékèèké mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11, ìwé ńlá jẹ́ 5, fáìlì jẹ́ 4. Ogún ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, òun náà wọ̀n ọ́n, ogún náà ni ó bá. Mo wá fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ lé e nítorí ìwé ọ̀la, ó di bí 27.

N kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo sì jìyà rẹ̀. Mo kàn pe káfíńtà ni, mo nawọ́ sí ògiri, mo ní, "Bá mi ṣe pẹpẹ síbẹ̀." Ó fi pákó arère tí kò nípọn tó ínṣì kan nà án ní ẹsẹ̀ bàtà 4 láìsí òpó láàárín, ó sì fi àyè ínṣì 9 sílẹ̀ láàárín pẹpẹ kan àti èkejì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dùn ún wò fún oṣù mẹ́ta. Kí ọdún tó yí po, pákó ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Fáìlì kò sì wọ ibì kankan níbẹ̀ àfi bí a bá dá a dùbúlẹ̀. N kò lè bá káfíńtà jà, torí ohun tí mo bi í ni ó dá mi lóhùn.

Ìwé wúwo ju bí a ti ń fojú wò ó lọ. Bí ẹ bá to ìwé tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó lè tó kílò 10. Ẹsẹ̀ bàtà 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan! Ta ni yóò gbé àpò sìmẹ́ǹtì sórí pákó arère tí kò ní òpó? Nítorí náà, ẹ lo pákó tí ó nípọn ní ínṣì kan, kí òpó kan má sì jìnnà sí èkejì ju ínṣì 30 lọ. Jíjìn sínú, ínṣì 10 tó fún ọ̀pọ̀ ìwé. Fún fáìlì, ẹ ṣe é ní 12. Gíga àyè rẹ̀, 10 fún ìwé kékeré, 12 fún ìwé ńlá, 14 fún fáìlì, nítorí bébà gígùn ti ọ́fíìsì ayé àtijọ́ jẹ́ ínṣì 13, irú rẹ̀ ni ó sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

Tèmi nísinsìnyí, ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 30 ní ìbú, pẹpẹ mẹ́rin mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó, ẹsẹ̀ bàtà 30 ni. Gíga rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Káfíńtà ní kí n fi ohun tí ó wúwo jù sí ìsàlẹ̀, mo gbà, ìwé ńlá ni mo fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni fáìlì wà, nítorí ikán, omi àti ọwọ́ ọmọdé, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ ògiri ló kàn. Pẹpẹ tí a kọ́ mọ́ ògiri kò ṣeé gbé kúrò bí àga, torí náà ibi tí ẹ bá fi í sí ni ẹ ó máa wò ó. Ẹ má lo ògiri ìta tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn bí ẹ bá rí òmíràn, torí apá ibẹ̀ ni ìjì òjò wa sábà máa ń gbà wá. Ẹ má lo ògiri tí balùwẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri inú, tí ó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá, ni ó dára jù. Bí bíríkìlà bá ní kí òun gbẹ́ ihò sínú ògiri kí pẹpẹ lè wọnú rẹ̀, ẹ ní kí ó dúró ná. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ wọlé tó ìwé, kí ni ó kù? Bí ògiri náà bá sì ru òrùlé, tí kò sí kọnkéré onírin tí ó dábùú lókè ihò náà, ẹ̀ ń fi ẹ̀mí àwọn ọmọ wéwu. Ilé alámọ̀ tilẹ̀ nípọn lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ó yọ síta díẹ̀.

Ti ikán, mo ti bínú sí wọn tó láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ kọ́ ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù tí ó ga tó ínṣì 6, kí ẹ rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, orí rẹ̀ ni kí pákó ìsàlẹ̀ jókòó sí. Ẹ má fi páíwúùdù bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn káfíńtà fẹ́ràn rẹ̀ torí ó ń dán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn páíwúùdù ni ikán máa ń kọ́ ọ̀nà rẹ̀ gbà láìjẹ́ kí ojú rí i. Ẹ jẹ́ kí ògiri hàn, kí ẹ kùn ún ní funfun. Bí ilà amọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè, ẹ ó rí i. Ìrókò kì í tètè wọ ikán lẹ́nu, tíìkì náà bẹ́ẹ̀. Arère, oúnjẹ wọn ni. Bí owó kò bá tó ìrókò, ẹ fi oògùn igi kun pákó, kí ó gbẹ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó to ìwé sí i. Ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnì tí àwọn kan ń lò, abẹ́ ìpìlẹ̀ ni kí ó mọ. Ara ìwé kò fẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ kó ìwé sílẹ̀ kí ẹ nu ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ẹ̀ka yìí bi mí lánàá pé, "Àwa tí a ń gbé ilé onílé ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ má fi owó yín kọ́ ohun tí onílé máa jogún. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kàn án bí férémù mẹ́ta tó dá dúró, kí ó fi síkúrù so wọ́n mọ́ra àti mọ́ ògiri, kí ẹ lè tú u lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó lọ. Ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù nìkan ni ẹ ó fi sílẹ̀ fún un.

Àwọn ìyàwó wa yóò fẹ́ kí a lo pẹpẹ náà fún àwo àti ife gíláàsì, bí a ti ń ṣe sí rúùmù difáídà láyé ọjọ́un, tí a to ife méjìlá méjìlá sí tí ẹnikẹ́ni kì í mu omi nínú rẹ̀. Mo ti gba ìyàwó mi láyè apá kan nínú méjìlá. Ẹ má jẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí fáìlì, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀dà náà wà nílé ẹlòmíràn. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Ó kú ní 1901 láìrí i. Àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó jọ tí ó fi tún ìwé náà kọ, tí ó wá jáde ní 1921. Bí ikán bá ti jẹ àkọsílẹ̀ yẹn, ìwé yẹn kò bá má sí.

Iye tí ó ná mi, n kò ní sọ ọ́ ní gbangba, torí owó pákó àná kọ́ ni tòní. Ṣùgbọ́n mo ní àwòrán rẹ̀ lórí bébà pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kí ó rí mi lẹ́yìn ìpàdé. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá bá yín wo ògiri, ọjọ́ Sátidé ni mo ráyè, kí ẹ sì ti kó ìwé sórí ẹní kí n tó dé.